Mo Ní Mi Ò Mọ̀ Sí I

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, mo kí yín o. N kò ní sọ orúkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Obìnrin Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún, mo sì ti fi ohun kan pamọ́ sínú fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó ti sú mi. Kò sí àìsàn kan lára mi ju ẹ̀jẹ̀ ríru tí gbogbo ẹgbẹ́ mi ní lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń rẹ̀ mí láti àárọ̀, kí n tó gbé ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí ibùsùn.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ báyìí nìyí. Ọmọ mi ọkùnrin, Ganíù, ti sanwó Mẹ́kà fún mi. Ẹ bá mi dúpẹ́. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí a wọ bàálù. Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwa tó ń lọ, Ààfáà sọ fún wa pé ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn bá ṣẹ Ọlọ́run, Ọlọ́run lè forí jin ín, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ tí a bá ṣẹ ọmọnìkejì, Mẹ́kà kò lè fọ̀ ọ́, àfi kí a lọ bá ẹni náà kí ó forí jì wá. Ó ní kí a lọ yíká kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ mọ̀ bí a ti máa ń ṣe é ládùúgbò wa. Ẹni tó ń lọ á máa ti ilé dé ilé, á ní, "Ẹ forí jì mí o, mò ń lọ." Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ àwọn tí a jọ ń tajà ní Òkè Àrin. Mo bẹ ìyá oníbọ́tà tí a jọ jà nítorí ojú ìpàtẹ. Mo tilẹ̀ bẹ aláàárù kan tí mo máa ń bú bí ẹni pé èmi ni mo bí i. Gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àlájà, kí lẹ ṣe? Ẹ ṣáà bá wa ṣàdúà débẹ̀." Èmi náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo tó yẹ kí n bẹ kò sí ládùúgbò wa mọ́, èmi ni mo sì jẹ́ kó kúrò.

Ìyàwó àbúrò mi ni. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Ìyá Kúdí. Ọmọ Ẹ̀gbá ni, ìyá àti bàbá rẹ̀ ti kú kó tó wọ ilé wa. Ẹ mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ ní orúkọ, ó fún gbogbo wa ní orúkọ tirẹ̀. Èmi, Eyínfúnjowó ló ń pè mí, nítorí eyín mi funfun nígbà náà, obì kò tíì bà á jẹ́. Bó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, inú mi á dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má rò pé mo kórìíra rẹ̀ ni mo fi ṣe ohun tí mo ṣe, ì bá tilẹ̀ sàn bó bá jẹ́ pé mo kórìíra rẹ̀.

Ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn ló ń tà ní Jankara. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi kan, Ìyá Alágbo, ló ń pàtẹ sí. Kò ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni wọ́n fi gbà á síbẹ̀. Èmi náà ni mo dúró fún un nínú ẹgbẹ́ alájọ. Òun, àbúrò mi àti ọmọbìnrin wọn, Kúdí, ń gbé yàrá méjì nísàlẹ̀ ilé wa.

Ilé ẹbí ni ilé wa. Bàbá tó bí bàbá wa ló kọ́ ọ. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó ilé níbẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá kì í ṣófo níbẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ti ń gbé òkú jáde, àwọn alààyè ti ń fi ojú wọn ilẹ̀ yàrá rẹ̀. Mo ń bú àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló pa àbúrò mi. Ìyàwó rẹ̀ wọ opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ààfáà sọ fún wa nígbà náà pé bí nǹkan bá ká opó mọ́, ó lè jáde lọ́sàn-án kó sì tètè padà wálé. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé wa ní òfin tiwọn. Ní ilé wa, opó kì í ré kọjá ẹnu ọ̀nà. Èyí tó bá jáde, ọkùnrin ló lọ wá, ọ̀rọ̀ sì parí. Wọ́n ní kó jókòó, ó jókòó. Ọṣẹ rẹ̀ gbẹ sínú agbọ̀n. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí òun àti ọmọ ń jẹ. Èmi ni mo máa ń bu gààrí àti ẹ̀wà fún wọn, ó sì ti ń sú mi, ẹ jọ̀ọ́, mo ní kí n sọ òtítọ́.

Ní oṣù kẹta opó rẹ̀, oníbàárà mi kan láti Ìjẹ̀bú-Òde pè mí pé òun ń gbé àwọn páálí mílíìkì kan padà bọ̀ tí mo ṣì kó fún òun. Ó ní ọkọ̀ òun kò lè wọ Òkè Àrin, pé Ìdúmọ̀tà lòun máa dúró sí. Ẹsẹ̀ mi wú lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹlòmíràn nílé. Mo wọ yàrá Ìyá Kúdí, mo ní kó bá mi lọ gbà á.

Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Eyínfúnjowó, opó ni mí."

Mo ní, "Da ìborùn borí. Kíá lo máa dé. Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo rán ẹ o, kí wọ́n má baà ní mo ba opó jẹ́."

Ìyàwó wo ló máa kọ iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀? Ó lọ. Òjò mú un ní Ìdúmọ̀tà. Oníbàárà mi náà, ọkùnrin ni, ṣàánú rẹ̀, ó ní kó wọ iwájú ọkọ̀ kó jókòó títí òjò á fi dá. Àṣé ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé wa sá òjò sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ọkọ̀ náà. Ó rí i.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun àsárì, wọ́n pe ìpàdé ẹbí. Bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí nígbà náà bi Ìyá Kúdí bóyá lóòótọ́ ló jáde. Ó ní òótọ́ ni, wọ́n rán òun níṣẹ́ ni. Wọ́n ní ta ló rán an. Mo ti sọ fún un pé kó má sọ, kò sì sọ. Ó kàn wò mí. Ó ń dúró kí èmi fúnra mi sọ ọ́.

Bàbá yíjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ṣé o mọ̀ sí i?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀ sí i o."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi adùn sí i. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí pé wọ́n á dá mi lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù nìkan kọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àwọn òbí ọmọ tí Ganíù fẹ́ fẹ́ bi mí pé ibo ni yóò gbé ọmọ wọn sí. Nígbà tí Bàbá ń bi mí ní ìbéèrè, yàrá méjì yẹn ló wà lójú mi. Mo ti mọ ibi tí a máa gbé bẹ́ẹ̀dì sí. Ìyá Kúdí pariwo, "Eyínfúnjowó, ẹ sọ̀rọ̀!" Mo dìde, mo lọ bu omi mu.

Wọ́n ní bó bá ti jáde opó, kó máa lọ. Wọ́n ní Kúdí kò ní bá a lọ, nítorí ọmọ wa ni. Ọmọ ọdún méje ni Kúdí. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ máa lọ, èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má baà sá tẹ̀lé e. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí a fi kun yàrá, tí Ganíù gbé ìyàwó wọlé.

N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹyọ kan lè ti ilẹ̀kùn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Alágbo wá bá mi, ó ní òun gbọ́ nǹkan kan, ṣé kí òun ṣì máa jẹ́ kó pàtẹ níwájú òun? Mo ní, "Ẹ ṣe é bí ọkàn yín bá ti fẹ́." Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lẹ́nu onídùúró. Ó kó agbọ̀n ọṣẹ rẹ̀ síta. Ẹgbẹ́ alájọ náà ní kò sẹ́ni tó dúró fún un mọ́. Ó lọ bá ọmọ bàbá rẹ̀ kan ní Abẹ́òkúta, ìyẹn ní ilé ọkọ ni ilé obìnrin, kó padà lọ bẹ̀ wá. Ó wá yàrá káàkiri, onílé á bi í pé ọkọ rẹ̀ ńkọ́, bó bá ní ó ti kú, wọ́n á ní àwọn kì í gba obìnrin tó dá wà. Gbogbo èyí, ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tó ń ṣẹlẹ̀, n kò béèrè.

Lẹ́yìn bí ọdún kan, ẹnì kan mú ìròyìn wá sílé pé Ìyá Kúdí ti ń ṣe aṣẹ́wó ní hòtẹ́ẹ̀lì kan. Ẹ wò ó bí inú àwọn ará ilé wa ṣe dùn. Wọ́n ní, "A ò sọ? Ṣé ẹ rí i pé a ò purọ́ mọ́ ọn?" Mo wà níbẹ̀. Mo mi orí, mo ní ayé ti bàjẹ́.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú, ó ku ọ̀kan. Láti ọdún náà ni Ìyá Kúdí ti ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ìdúmọ̀tà ló máa ń gbé e wá bá mi. Aṣọ Iléyá, bàtà ilé ìwé, ìwé, nígbà tó yá owó ilé ìwé gíga. Kò sí ọdún tí kò ránṣẹ́. Bí Kúdí bá rí i, á máa fò sókè, á ní ta ló rà á, màá ní èmi ni. Á dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin láti fi mí ṣẹ̀fẹ̀, lẹ́yìn náà á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ ṣé, Ìyá mi." Mo gba ọpẹ́ náà. Mo ń gba ọpẹ́ ìyá rẹ̀ lọ́dọọdún.

Kúdí ti di olùkọ́ báyìí, àwọn ọmọ kéékèèké ló ń kọ́. Òun ló ń tọ́jú mi. Òun ló mọ ìgbà tí oògùn mi ń tán. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ìyá rẹ̀, á pòṣé, á ní òun kò ní ìyá méjì. Inú mi máa ń dùn sí i tẹ́lẹ̀, Ọlọ́run má bínú sí mi.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Ààfáà, mo bẹ obìnrin Ìdúmọ̀tà yẹn kó mú mi lọ sọ́dọ̀ Ìyá Kúdí. Ẹ̀yìn Ọbáléńdé ni hòtẹ́ẹ̀lì náà wà. Ọ̀sán gangan la débẹ̀. Ilé náà dákẹ́, àwọn ọmọbìnrin ń fọ aṣọ, ọ̀kan ń di irun fún èkejì. Ìyá Kúdí wà nídìí iná, ó ń ṣa ìrẹsì. Kò ṣe iṣẹ́ ọ̀hún mọ́, oúnjẹ ló ń sè fún àwọn tó ń ṣe é. Ó ti rù. Ó mọ̀ mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò pè mí ní Eyínfúnjowó. "Ẹ káàbọ̀, mà," ló sọ, bí ẹni ń kí àlejò. Ó fún mi ní àga, ó fún mi ní omi.

Ó sọ bó ṣe débẹ̀ fún mi, kò sunkún. Ó ní, "Àwo ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀ níbí. Wọn kì í san owó oṣù. Oúnjẹ àti ibi tí èèyàn máa sùn ni wọ́n ń fún un, wọ́n ní ìyókù wà lọ́wọ́ àwọn kọ́sítọ́mà. Oṣù mẹ́ta ni mo fi fọ àwo nìkan, mà. Mo gbìyànjú."

Ó nawọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ó ní láti Èkìtì ni wọ́n ti mú un wá pé kó wá ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gá rẹ̀ lé e jáde nígbà tó lóyún. Ó ní èkejì ń bọ́ ìyá rẹ̀ tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ àti ọmọ méjì, ọkọ ti sá lọ. Gbogbo ayé mi ni mo ti ń sọ pé ọ̀lẹ àti ojúkòkòrò ló ń gbé obìnrin débẹ̀. N kò rí ọ̀lẹ kankan níbẹ̀. Àwọn tí ẹnì kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ni mo rí, mo sì mọ ẹni tó ti ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀kùn náà.

Mo kúnlẹ̀. Pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí yìí, mo kúnlẹ̀ nídìí ìrẹsì náà. Mo ní kó forí jì mí gbogbo ohun tí mo ṣe.

Ó ní, "Kí lẹ ṣe, mà?"

Mo ní gbogbo rẹ̀ náà ni.

Ó ní, "Ẹ dárúkọ ẹ̀."

Ẹ̀yin ará, n kò lè sọ ọ́ pé èmi ni mo rán an. Mo ní mo fẹ́ yàrá fún Ganíù, mo ní èṣù ni. Ó ń wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ ìpàdé. Nígbà tó yá, ó fà mí dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún mi. Ó ní, "Yàrá, mo ti forí jì yín, ó pẹ́. Ọṣẹ mi, mo ti forí jì yín. Ohun tí mo fi ara mi ṣe níbí, èmi àti Ọlọ́run ló ni ín. Ṣùgbọ́n Kúdí rò pé mo fi òun sílẹ̀ lọ bá ọkùnrin nígbà tí bàbá òun ò tíì gbẹ nínú ilẹ̀. Ẹ lọ sọ fún un. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sọ fún un, mo ti forí jì yín lọ́jọ́ náà. Ẹ ò nílò láti padà wá síbí." Ó padà sídìí ìrẹsì rẹ̀.

Mo lọ bá Ààfáà. Mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló ní ìṣòro báyìí báyìí. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Àlájà, ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ yín pé kó lọ sọ ọ́ kó tó wọ bàálù." Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́? Bí Kúdí bá gbọ́, ó máa lọ. Ta ló máa tọ́jú mi? Ganíù àti ìyàwó rẹ̀ ti bí ọmọ mẹ́rin nínú yàrá yẹn, wọn kò mọ nǹkan kan. Bàbá olórí ẹbí ti kú, obìnrin tó rí i nínú ọkọ̀ ti kú. Èmi nìkan ló kù. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ọjọ́ kan náà ni mò ń sá fún, kò sì sí okun nínú mi láti sá mọ́.

Láàárọ̀ òní, Kúdí ń bá mi to ẹrù sínú báàgì. Ó ká aṣọ funfun mi dáadáa. Lójijì ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, tẹ́ ẹ bá dé Káábà, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó má jẹ́ kí n fi ìwà jọ obìnrin tó bí mi."

Mo ní, "Àmín."

Ẹ jọ̀ọ́, mo ṣe àmín sí i. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó ti fóònù yìí láti ìgbà náà, tí mò ń fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sọ fún un kí n tó lọ, kí n wá wà láìní ẹni tó ń tọ́jú mi ní ọjọ́ ogbó mi? Àbí kí n gbé e lọ sí Mẹ́kà, kí n tún gbé e padà? Ẹ fún mi ní ìmọ̀ràn. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà kí n tó dákẹ́. Kúdí ló fi ojú ewé yìí hàn mí. Òun náà máa ń kà á. Mo ti yí gbogbo orúkọ padà, Kúdí kọ́ ni orúkọ rẹ̀. Bóyá nítorí èyí ni mo ṣe wá síbí dípò kí n rìn dé yàrá kejì. Ojo ni mí.

Ọmọ mi, bó o bá ń ka èyí, tó o sì rí i pé ilé wa ni, ìyá rẹ kò lọ bá ọkùnrin kankan. Iṣẹ́ ló lọ jẹ́. Èmi ni mo rán an.